Pátì Gbígbóná fún Ọpọlọ Ẹ̀rọ

Abà Ìgè,
Ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́.

Ọláyẹmí ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ gbé ní Hanoukopé ní Lomé, níbi tí o ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó sì bá ọ sùn ní Nukafu níbi tí o ń gbé. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú ariwo alùpùpù. Bá mi kí Wilfried ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú fóònù, n kò sì bínú. Ara gbogbo wa le níhìn-ín, àfi orúnkún mi ọ̀tún, èyí tí n óò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá nítorí ó wọ inú ohun tí mo fẹ́ rò fún ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ẹkún pàdé ara wa mọ́. Àmín.

O lè ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí Célestin aládùúgbò wa ní, tó máa ń gba ohùn ènìyàn pamọ́ títí ẹlòmíràn yóò fi wá gbọ́ ọ, mo ti jókòó rò ó dáadáa. Ohùn tí mo bá sọ sínú rẹ̀ kì í padà sọ́dọ̀ mi. Mo ti dàgbà, n kò mọ bí ohùn tó kù ní ọ̀fun mi ti pọ̀ tó, ìwọ̀nba tó sì kù, ìrun ni mo fẹ́ máa fi kí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Fàòsíyà tó ń kó gàrí wá tà ní Lomé ni yóò gbé e fún ọ, kò sì ní lè tú u wò, nítorí ẹ̀kọ ni mo fi lẹ ẹnu rẹ̀ pa.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òjò ti ń rọ̀, àgbàdo ti yọ orí, ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n mi bí ìbejì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan jọ Àfáà. Ẹ̀gbọ́n mi náà, ìyá rẹ Ìsìlámíyátù, ń kí ọ. Láti ìgbà tí ìyá tó bí ọ ti lọ, àwọn ló ń se oúnjẹ fún mi, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí wọ́n má rán mi létí pé àwọn ló ń sè é. Ọbẹ̀ wọn dùn. Iyọ̀ rẹ̀ ló máa ń pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

O rántí pé lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ, nígbà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí o wá, o gbé kọ̀ǹpútà kan rán Fàòsíyà, o ní fíìmù ìyá rẹ wà nínú rẹ̀, èyí tí o fi fóònù rẹ yà nígbà tí o wálé ìkẹyìn. O ní ìrántí ẹ̀rọ náà tóbi, kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo bi ẹ̀rọ náà bóyá ó rántí èmi náà, nítorí mo wà nínú ọgbà ní ọjọ́ tí o ya fíìmù yẹn, ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń tún ọgbà ewúrẹ́ ṣe. Kò fèsì. Ìyá rẹ nìkan ló rántí. N kò bá a jà, nítorí èmi náà, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan rántí nínú àwa méjèèjì, òun ni n óò mú.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti ti mọ́sálásí dé, n óò wẹ̀, n óò wọ aṣọ tó mọ́, n óò jókòó, n óò sì tan ẹ̀rọ náà. Ìyá rẹ yóò yọ lẹ́bàá àdògán. Ó ń ro ọkà àgbàdo, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ìkòkò, gèlè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Yóò ro ó, yóò ro ó, yóò gbé omorogùn sókè wò, yóò tún ro ó. Lẹ́yìn náà yóò gbé ojú sókè, yóò wò mí, yóò la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti máa ń kú. Ojú rẹ̀ yóò dúdú bìrìmù, ojú èmi fúnra mi ni n óò sì máa wò nínú rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó ń gbóná bí ọmọ tí ibà mú, ó di ìgbà tó bá tutù kó tó tún jí, n óò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi omorogùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nínú ilé. Èmi sọ pé orúkọ mi ló fẹ́ pè, nítorí bí ó ti máa ń la ẹnu nìyẹn bí ó bá fẹ́ pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, èébú ló fẹ́ bú mi nítorí igi tútù tí mo ṣẹ́ fún un. Célestin ní bóyá ó kàn fẹ́ sín ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ, Ọláyẹmí. N kò ní purọ́ fún ọ, kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ̀ ń ṣe ní Lomé yìí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ kí èmi náà tó lọ bá a, kí n má baà dé ọ̀hún kó ní òun ti sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí Célestin bá mi sọ fún ọ pé ẹ̀rọ ń dákú, o fi ohùn ránṣẹ́ padà sínú fóònù rẹ̀. A jókòó yí i ká, mo sì kọ́kọ́ kí fóònù náà kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà ní a kò ní ẹ̀kọ́ ilé. O ní àrùn náà kò burú. O ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, pé ó pẹlẹbẹ, bí ó bá sì ti ń ronú ló ń gbóná. O ní irin kan tó ní eyín bí ìyàrun ló jókòó lé e lórí láti máa fa ooru náà, tí fáànù kékeré kan sì ń fẹ́ ooru dànù. O ní pátì tẹ̀míìkì ló máa ń wà láàárín ọpọlọ àti irin, kí ara wọn lè kan ara wọn dáadáa. O ní ti inú ẹ̀rọ wa ti gbẹ, ooru kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ọpọlọ náà sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. O ní kí a yọ wáyà iná, kí ẹ̀rọ tutù, kí a fi ọtí nu pátì àtijọ́ kúrò, kí a fi tuntun sí àárín, kó má ju bí hóró ìrẹsì lọ, kí a sì pè ọ́ kí a tó tan iná. O ní o ti fi pátì rán Fàòsíyà.

O rí i pé gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Etí mi kò ní wàhálà.

Orí ọtí ni a ti bẹ̀rẹ̀. O sọ pé ti fàmásì, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n fàmásì jìnnà, Célestin sì ń fi ẹmu ọ̀pẹ se sódábì lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó bu èyí tó kọ́kọ́ kán, ó ṣáná sí i, ó sì jó láwọ̀ aró. Mo gbé ìgò náà sábẹ́ aṣọ, mo ń bọ̀ nílé, ta ni mo pàdé lẹ́nu ọ̀nà bí kò ṣe Àfáà? Òórùn ti ṣáájú mi kí i. Ó bi mí pé kí ni mo gbé. Mo ní ọtí ni, mo fẹ́ fi fọ ọpọlọ ni. Àfáà wò mí pẹ́, ó ní òun kò tíì rí ọ̀mùtí kan tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń ṣe wáàsí lórí ọtí, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára mi.

Pátì ló wá kù. Níbi tí ọ̀pọ̀ bàbá ìbá ti dààmú, èmi kò dààmú, nítorí mo ti dé Lomé rí. Nígbà tí mo wá fún ayẹyẹ ìyọ̀ǹda rẹ lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́, o fi mí sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Nukafu, o ní kí n jẹun kí o tó dé. Obìnrin ibẹ̀ bi mí pé pátì ńkọ́? Mo rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń béèrè, mo ní n kò sí nínú ọ̀kankan, àgbẹ̀ ni mí. Ó tún béèrè, mo tún ní n kò ṣe òṣèlú. Inú bí i, ó ní kí ni mo wá ń ṣe ní ilé oúnjẹ òun nígbà náà. Ìwọ lo dé tí o wá la ọ̀rọ̀ náà, o ní ọkà àgbàdo ni àwọn ará Lomé ń pè ní pátì bí wọ́n bá ń sọ Faransé. Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ̀mà, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ojú ti tì lórí ọ̀rọ̀ kan kì í tún gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, nígbà tí a tú báàgì tí Fàòsíyà gbé wá, tí mo rí ìyẹ̀fun àgbàdo Lomé nínú rẹ̀, funfun, kíkúnná, mo ní ẹ wò ó, pátì rèé. Ọṣẹ wà níbẹ̀, mílíìkì wà níbẹ̀. Síríńjì kékeré kan tí kò ní abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, ohun kan tó ní àwọ̀ eérú kún inú rẹ̀. Èyí wú mi lórí, nítorí n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi fún ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo ní ọmọ rere ni ọmọ tí kì í gbàgbé orúnkún bàbá rẹ̀.

Tẹ̀míìkì nìkan ni kò yé mi. Célestin, tó kàwé dé ibi tó ti lè fi Faransé bínú, sọ pé ohun tó bá jẹ mọ́ ooru ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Pátì ni ọkà, tẹ̀míìkì ni ooru, ọkà gbígbóná ni ọmọ mi ní kí a fi sí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé omi kaná.

Ẹ̀gbọ́n mi ro ọkà náà dáadáa, ó dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún wọn pé bí hóró ìrẹsì ni ọmọ ní kí a bù, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń ronú débi tí ara rẹ̀ ń gbóná, ṣé hóró ìrẹsì ni ó yẹ kí a fún un? Wọ́n ní ìlú ńlá ti sọ ọ́ di ahun, pé ebi ló ń pa ọpọlọ náà tó fi ń dákú. Mo rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Célestin ti tú ẹ̀rọ náà, a sì ti fi sódábì nu ti àtijọ́ kúrò; a bu òkèlè kan tó jọjú, a gbé e lé ọpọlọ náà lórí, a fi irin eléyín tẹ̀ ẹ́, ọkà sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó jókòó dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá kí àwọn bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i. Célestin ní o kò dárúkọ ọbẹ̀, pé kí a má ṣe ju ohun tí wọ́n rán wa lọ. Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu.

Ohun tó sì gbà wá ni pé o ti ní kí a pè ọ́ kí a tó tan iná. A pè ọ́. O bi mí pé báwo ni, mo ní ó ti wà níbẹ̀, ó ṣì ń yọ èéfín. O bi mí pé kí ló ń yọ èéfín, mo ní pátì. O bi mí pé irú àwọ̀ wo ni pátì náà ní, mo ní funfun, kí ni ìbá tún ní? O ní rárá o, àwọ̀ eérú ló yẹ kó ní. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ àwọ̀ eérú, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́, ọkà ẹlúbọ́ ni, wọ́n sì ti gbọ̀nà ilé ìdáná kí o tó pariwo pé kí a má tún ro nǹkan kan mọ́. O ní síríńjì dà? Mo ní mò ń lò ó. O ní síbo? Mo ní sí orúnkún.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín Wilfried.

N óò sọ òtítọ́ fún ọ nípa orúnkún yìí. Láti ọjọ́ tí Fàòsíyà ti dé ni mo ti ń fi nǹkan inú síríńjì náà pa á láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń tutù. O ní kì í ṣe oògùn, kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíákíá, kí n fọ ọwọ́ mi pẹ̀lú, kó má kan ojú, kó má kan ẹnu, kí a má jẹ́ kí ọmọdé dé ìdí rẹ̀. Mo fọ gbogbo rẹ̀ bí o ti wí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o ní ó ń ṣe fún irin, òun gan-an ló ṣe fún mi, bí ẹ bá sì jẹ́ oníṣòwò ní Hanoukopé yẹn, kí ẹ ronú sí i.

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, o ní kí n gbé síríńjì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí n wò ó bóyá nǹkan ṣẹ́kù. Mo gbé e sókè. N kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, Ọláyẹmí. Mo rò nínú ara mi pé mo ti fi ohùn ìyá rẹ pa orúnkún. Célestin ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀kán aláwọ̀ eérú kan sì yọ ojú ní ẹnu rẹ̀. O bi í bí ó ti tó. Célestin ní kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. O ní ó ti tó, o ní ohun tí ò ń wí látàárọ̀ nìyẹn.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ènìyàn. A kó ọkà kúrò, a fi òwú tí a rì bọ sódábì nu ojú ọpọlọ àti ìsàlẹ̀ irin títí wọ́n fi ń dán, o ní kí a jẹ́ kó gbẹ kí ọtí má ṣẹ́kù síbẹ̀, a jẹ́ kó gbẹ. Ewúrẹ́ jẹ gbogbo ohun tí a kó dànù, ọkà àti òwú, ó sì sùn títí di ọjọ́ kejì. O ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ náà kí iná inú ara mi lè jáde. N kò mọ̀ pé iná wà nínú ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. O ní kí n kán ẹ̀kán eérú yẹn sí àárín gbùngbùn ọpọlọ, kí n má fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí n jẹ́ kí irin fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ. O ní kí irin náà sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kí n má fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Àwọn ìṣó oníyíyí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, o ní kí n má fún ọ̀kan pa kí n tó dé orí èkejì, pé kí n yí ọ̀kan díẹ̀, kí n yí èyí tó dojú kọ ọ́ ní igun kejì díẹ̀, kí gbogbo wọn máa bọ̀ pọ̀. Èyí yé mi kíákíá, bí àwa mẹ́rin ti ń ta tàpólì lórí àgbàdo nìyẹn, bí ẹnì kan bá fi agídí fà, apá kan yóò wọ́. O ní kí n má fún un jù, kí ọpọlọ má fọ́. Mo ti gbé ayé pẹ́, ẹnì kan kò tíì sọ fún mi rí pé kí n má tẹ ọpọlọ jù.

Célestin ki wáyà fáànù padà síbi tó wà. Ìwọ wà lórí fóònù ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń gbọ́ èémí rẹ, mo sì ń gbọ́ alùpùpù tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Mo gbádùn rẹ̀. Ó dà bíi pé o wà ní ìta, tí o ń bọ́ bàtà kí o tó wọlé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo ní kí o dúró, kí ìwọ náà gbọ́ ìyá rẹ. O ní oníbàárà dé. Mo ní kò ní pẹ́. O ní Wilfried ń pè ọ́, o ní ò ń bọ̀, o ní bí iṣẹ́ bá fúyẹ́ báyìí ò ń bọ̀. Fóònù kú. Mo tan iná.

Ìyá rẹ yọ lẹ́bàá àdògán. Ó ro ọkà, ó gbé omorogùn sókè wò, ó tún ro ó. Fáànù ń fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà, kò gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Ìyá rẹ gbé ojú sókè, ó wò mí, ó la ẹnu, ẹ̀rọ náà kò sì kú.

Kì í ṣe èmi ló ń wò. Ìwọ tí o mú fóònù dání ló ń wò. Ó ní Ọláyẹmí, gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, lọ pe bàbá rẹ wá, kí ẹ wá jẹun, ọkà ti ń tutù. Mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn náà, ìwọ tí ojú rẹ kò hàn. O ní ò ń bọ̀. Fíìmù sì parí síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jàre nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, Célestin náà ní eruku kó sí òun lójú. Èmi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí mo rántí ọjọ́ náà. Ẹnì kankan kò pè mí. Ìgbà tí ebi pa mí ni mo fi ọgbà ewúrẹ́ sílẹ̀ wọlé, mo bá ọkà tó ti tutù, mo sì bi ìyá rẹ pé kí ló dé. Ó ní kí n lọ bi ẹni tí òun rán. N kò bi ọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni omi bọ́ lójú mi, mo sì wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti ní kí o lọ pe bàbá rẹ, mo máa ń dá a lóhùn.

Àwọn bàbá ẹgbẹ́ mi yóò ní mo ba àṣà jẹ́ bí mo bá parí lẹ́tà láìtọrọ owó. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ rán Fàòsíyà, n kò ní sọ iye, ojú rẹ ni kí o fi wò ó. Ti iná mànàmáná ni, kí n lè máa rí ìyá rẹ ní ọjọ́ Jímọ̀, àti ti ìgò sódábì tí mo fẹ́ fi òmíràn rọ́pò fún Célestin kí Àfáà tó parí wáàsí. Fi síríńjì mìíràn kún un. Ti orúnkún kọ́.

Ọlọ́run tó ń tu ohun gbígbóná lára yóò tu ọ́ lára. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ohun tí o bá tún ṣe kò ní padà bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. O kò ní sọnù sí Lomé, Lomé kò ní sọnù lára rẹ. Ìwọ náà yóò bí ọmọ tí ìwọ yóò rán níṣẹ́, tí yóò sì jẹ́ ẹ. Àmín, àṣẹ Ọlọ́run.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ rán ọ sí mi ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé, mo sì ti jẹ́ ẹ. Àwa méjì ló ní kí a wá, ìwọ ló wá kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ tí a bá rí ọ lójú ọ̀nà ni àwọn yóò gbé omi kaná, kó lè gbóná dáadáa. Má ṣe fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé ò ń bọ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú fóònù, mo sì ti gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ, ohùn kan náà ni. Wá jẹun.

Èmi ni,
Láwàl, bàbá rẹ.